ÒFIN TÍ ÒṢÌṢẸ́ KÒ GBỌ́

Ẹ̀yin ọba aládé, ẹ̀yin ìjòyè pàtàkì, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo, ẹ mọ̀ dájú pé nígbà tí àwọn baba wa bá ṣe òfin, akéde ni í mú agogo, tí í sì í ké e láti àdúgbò dé àdúgbò. Ìgbà tí ìlú bá gbọ́ tán ni òfin náà tó ń múlẹ̀. A ń fẹ́ kí irú ọgbọ́n yìí kí ó wọ inú àwọn Yunifásítì wa.

Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ tàbí ti Èkó. Àwọn ọdẹ ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀, àwọn agbálẹ̀ àti àwọn tí ń gé koríko. Òfin tí ó de gbogbo wọn, èdè Òyìnbó ni a fi kọ ọ́. Òfin ọdún 2012 wí pé kí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì ní ẹni 70 ọdún, kí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ sì fẹ̀yìn tì ní ẹni 65. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 wí pé, nínú 100 náírà owó oṣù, kí a yọ náírà 8 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 lé e. Ẹni tí a kò là á yé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí a kò bá san tirẹ̀? Ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì ni ojú rẹ̀ yóò là, nígbà tí agbára kò sí mọ́.

Ẹ rántí ọdún 2020. Ìjọba àpapọ̀ fi owó oṣù àwọn Yunifásítì rẹ̀ sí abẹ́ ètò tí a ń pè ní IPPIS. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ké pé owó àwọn dín. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó fa ìyanṣẹ́lódì oṣù Kẹta ọdún náà, èyí tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí a yọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kúrò nínú rẹ̀. A kò dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí owó rẹ̀ dín tí a kò sọ ìdí rẹ̀ fún, àhesọ ni yóò gbà gbọ́, kò sì ní í gba aláṣẹ gbọ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ ń sọ òtítọ́.

Àwọn kan yóò wí pé a ti lẹ ìwé mọ́ ara pátákó. A dá wọn lóhùn pé lílẹ̀ kì í ṣe sísọ. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ kì í ṣe àgídìgbo. Ẹni tí yóò jìyà bí ó bá rú u gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí a kéde òfin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkejì, kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí a sì kà á sí etí àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ̀kẹta, kí a yan ẹni tí òṣìṣẹ́ lè bi ní ìbéèrè láìbẹ̀rù. Ẹ̀yin ọba tí ẹ jẹ oyè Chancellor, àti ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ Yunifásítì, ẹ gbé ọ̀ràn yìí dé ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ iyì akéde.