Àyẹ̀wò Ló Ṣáájú Eré
Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ mẹkáníìkì báyìí, bí wọn yóò ṣe fi kún eré ọkọ̀ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ́ àyẹ̀wò. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, irú èyí tó pọ̀ nínú tòkúnbọ̀ wa, ló ní ojú OBD-II tí wọ́n ń ki sikánà bọ̀. Bí sikánà bá gbé kóòdù P0300 jáde, ó ń sọ pé epo kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì; kò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì ló fà á tàbí kọ́ìlì. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó rán oníbàárà lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni kí òbí wá fọ́mọ, kódà bí owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá wọ́n. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, kó kọ́kọ́ rí i pé bíréèkì àti táyà ọkọ̀ náà ká eré ọ̀hún.