Tágẹ́ẹ̀tì Kì Í Ṣe Òfin Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí.

Láti 2020 tí Stripe ti Amẹ́ríkà ti ra Paystack, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń wá irú iṣẹ́ yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan á ṣí ọ́fíìsì tuntun sí Yaba, wọ́n á gba ọmọ wa síbẹ̀ kó máa bá wọn tajà, a ó jó, a ó jẹ́rìí. Kò burú. Àmọ́ ṣé a bi í pé kí ló ń sọ fún oníbàárà?

Ọmọ ìjọ wa kan wá sunkún lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní kó máa fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní ẹ̀rọ POS, kó má sọ iye tí wọ́n á máa yọ. Bí tágẹ́ẹ̀tì ò bá pé, kò sí kọmíṣọ̀n. Owó oṣù fúnra rẹ̀ ò tó owó ọkọ̀.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn." Rárá o! Òṣùwọ̀n èké ni, ì báà wà lórí igbá, ì báà wà nínú fóònù. Ẹ ka Deuteronomi 25:13-15. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń jẹ òógùn ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ka Jákọ́bù 5:4.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ sọ iye rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwa pásítọ̀ náà, ká tó gba ìdámẹ́wàá, ká bèèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.