ÌJÌ KỌ́ LÓ JÁ INÁ YÍN BỌ́, ÌṢÓ NI!

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, Lugbe, títí dé Nyanya! Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé pẹ̀lú ìjì báyìí, iná sólà á máa já bọ́ lára fẹ́ǹsì, wọ́n á wá máa bú àwa tó ń tajà ní Dei-Dei pé ayédèrú la tà. Irọ́ o!

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bọ́lọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí ẹ fi mọ fẹ́ǹsì, inú ẹ̀ ṣófo. Kí ni ìṣó fẹ́ dì mú níbẹ̀? Àwọn míì á kan igi sínú ihò. Òjò á rẹ igi, oòrùn á gbẹ ẹ́, á súnkì, skúrù á yọ.

Ẹni tó lówó ra iná, kó má ṣahun rawl plug! Kí oníṣẹ́ yín lọ síbi òpó kọ́ńkéré. Tí kò bá sí òpó, kó fi símẹ́ńtì dí inú bọ́lọ́ọ̀kù, kó gbẹ dáadáa. Dírílù mílímítà 8 fún rawl plug 8. Kó fẹ́ eruku inú ihò jáde. Kí plug kọjá símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, kó wọ inú kọ́ńkéré gan-an. Skúrù tí kì í dípẹtà ni kó lò, kó sì lò ó sí gbogbo ihò ara iná, kì í ṣe méjì péré. Kó fi silicone dí òkè àti ẹ̀gbẹ́, kó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí omi ríbi jáde.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ fà á. Tó bá mì, ẹ má san! Iná tó bá fọ́, ẹ ó rí òmíràn rà. Orí ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?