Ẹ má purọ́ mọ́ ìyá arúgbó

Tẹ́sẹ̀ èèyàn bá ń le díẹ̀díẹ̀, tí kò rìn dáadáa mọ́, ìyá arúgbó ilé ni wọ́n máa ń pè lájẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ ná o! Lọ́dún 1985, ní Woods Hole, Amẹ́ríkà, Ronald Vale àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí kinesin, alábàárù tíntìntín tó ń rẹrù nínú iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ. Jíìnì KIF5A ló ń pèsè ọ̀kan nínú wọn. Tó bá lábùkù, ẹrù kì í dé òpin iṣan gígùn bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ á wá máa le. Lọ́dún 2002 làṣírí ẹ̀ tú. Àìsàn ìdílé ni: tí òbí kan bá ní in, ó lè kan ọmọ, ó sì lè ré e kọjá. Ẹ gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà iṣan, kẹ́ ẹ fìyá arúgbó sílẹ̀.