Kọ̀ntírólà Àlòkù: Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó So Ó Mọ́ Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ dá sí kí ó tó gba ìka lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wa.

Gbogbo wa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Mile 2, Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ni a mọ ọ̀nà tí ẹrù tòkunbọ̀ ń gbà. Láti èbúté Àpápá àti Tin Can ni ó ti ń bọ̀, tí ó ń gba iwájú wa kọjá lọ sí ọjà Alaba International ní Ọ̀jọ́. Kọ̀ntírólà wà nínú ẹrù náà, ìyẹn àpótí kékeré tí a fi ń mú kí mọ́tò iná sáré tàbí kí ó rọra yí: mọ́tò tí ń fa bẹ́líìtì, tí ń po nǹkan, tí ń wé ọ̀rá. Bí ti ilé iṣẹ́ bá bàjẹ́, ọ̀gá a rán ènìyàn lọ ra àlòkù, a sì pàṣẹ pé: "Ẹ so ó mọ́ ọn kíá, iṣẹ́ ti dúró!"

Àṣẹ yìí ni a kò fara mọ́. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè àti ibùdó Basel tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé, nínú 100 ohun èlò oníná àlòkù tí ń wọlé, ó kéré tán 19 ni kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe kọ̀ntírólà nìkan ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé.

Ìdámọ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ ka àkọlé ara rẹ̀, ẹ má gba ti ẹnu ẹni tí ó tà á. Iná tiwa níhìn-ín jẹ́ fólítì 230. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, 115 ni ó ń gbà, 90 ni ó ń fún mọ́tò. Ẹ kò gbọdọ̀ kì í bọ iná tiwa láìsí tiransifọ́má. Èyí tí a ṣe fún 230 a máa fún mọ́tò ní 180. Bí a bá so ó mọ́ mọ́tò 90, eré rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ibi tí a kọ A1 àti A2 sí wà fún mọ́tò tí ó ní kábọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá rí U, V, W, irú mọ́tò mìíràn ni ó wà fún.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ iná ni kí ó sì ṣe é. Kí iná tó dé ibẹ̀, kí ó wo fíùsì, kí ó wò bóyá kapásítọ̀ ti wú. Kí ó wá fi gílóòbù àtijọ́ tí ó ní wáyà nínú, 100 wọ́ọ̀tì, sáàárín iná àti kọ̀ntírólà. Bí gílóòbù bá tàn yòò nígbà tí a kò tíì so mọ́tò, iná ti kanra nínú rẹ̀. Bí kò bá tàn, kí ó gbé gílóòbù náà lọ sí ibi tí mọ́tò yóò wà, kí ó yí nọ́ọ̀bù láti òdo. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tàn pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ tí a bá so ó mọ́ yóò bẹ́ bí ẹṣin tí ó já ìjánu. Bí ó bá yege, kí ó dán an wò lára mọ́tò nìkan, ní dídè mọ́lẹ̀, láìsí bẹ́líìtì. Ẹ rántí pé nọ́ọ̀bù tí ó wà ní òdo kò ní kí iná ti kúrò. Àfi kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì.

Àwọn ọ̀gá yóò ní tuntun ti wọ́n jù. Òótọ́ ni, a kò sì ní kí wọ́n má ra àlòkù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Awakọ̀ wo ni yóò kó èrò ní Mile 2 sínú bọ́ọ̀sì tí kò tíì dán bíréèkì rẹ̀ wò?

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹ̀ka wa béèrè. Kí a ka àkókò ìdánwò sí iṣẹ́ tí a ń sanwó fún. Kí ilé iṣẹ́ pèsè mítà àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Kí a so káàdì mọ́ kọ̀ntírólà tí ó bá yege, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Èyí tí kò bá ní káàdì, kí a má fi tipátipá mú òṣìṣẹ́ kankan láti so ó.

Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí owó ẹ̀san tí í mú ìka hù padà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!