Oògùn Ojú Kan Kò Lè Wo Gbogbo Ojú Sàn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìgò oògùn ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí ń lò. Ojú bàbá pọ́n, wọ́n kán an sí i. Ojú ọmọ ń ṣomi, wọ́n kán an sí i. Èrò tiwa ni pé àṣà yìí ń fọ́ ojú tí kò yẹ kó fọ́.

Awọ kan wà níwájú ẹyinjú wa, ó mọ́ gaara bíi dígí. Bí ewé àgbàdo tàbí erùpẹ̀ bá ha á, kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn kòkòrò náà kò rí bákan náà. Pseudomonas máa ń yára. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè lu awọ náà. Nocardia kò wọ́pọ̀, inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń rọra ṣe tirẹ̀ débi pé dókítà pàápàá lè ṣì í mú. Amikacin ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún un. Oògùn abẹ́rẹ́ ni, àwọn apoògùn ilé ìwòsàn ló ń pò ó di èyí tí à ń kán. Nítorí náà, dókítà ní láti fá díẹ̀ lójú egbò náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n lè mọ kòkòrò tí wọ́n ń bá jà.

Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn fúnra rẹ̀ ra oògùn tí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Ojú lè yé pọ́n, kí kòkòrò sì máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́nú. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 500, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Íńdíà, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012, sítẹ́rọ́ìdì mú kí àpá ojú àwọn tí Nocardia ń bá jà tóbi sí i.

Àwọn kan á ní kò sówó àyẹ̀wò, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n à ń dáwó fún wòlímọ̀ àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú sàdákà fún owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ẹni tí ojú ń dùn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló pàṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn.

Bí omi àlùwàlá bá lè pa aláìsàn lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda tayammum nínú Súrà Al-Má'ídà, áyà 6. Ẹ bi àáfà yín. Bí ojú bá pọ́n tó ń dùn, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tàbí tí funfun yọ lórí ẹyin dúdú, ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ní kí ẹ máa kán oògùn ní wákàtí wákàtí, tòru tọ̀sán, ẹ kán an bẹ́ẹ̀, ẹ má sì dá a dúró láìgba àṣẹ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.