Orúkọ Àìsàn Ọkọ̀ Ògbólógbòó

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ni láti tọ́ òǹkàwé sọ́nà dé ibi tí ọ̀ràn gan-an wà. Ní Gbọ̀ngán, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo ti yà kúrò lára ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, bí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tàbí Volkswagen 'Ìjàpá' tí wọ́n tò ní Èkó láti ọdún kan náà, bá ti dúró fún oṣù mélòó kan, ó lè má dáhùn bí a bá ṣáná sí i. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá kọ 'ọkọ̀ kọ̀' nìkan kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ ń gbà kọ̀. Bí ẹ́ńjìnì kò bá yí rárá, bátìrì ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí agbára rẹ̀ a máa dínkù bí a kò tilẹ̀ lò ó: àìyí nìyẹn. Bí ó bá ń yí, ṣùgbọ́n tí iná kò jáde lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, àìníná ni. Bí iná bá wà, ó di àìrépo: èyí tí ó fúyẹ́ nínú epo bẹntiróòlù ti fò lọ, èyí tí ó ṣẹ́kù ti di oje, ó sì ti dí ihò wẹ́wẹ́ inú kabúrétọ̀.

'Ẹ́ńjìnì tútù' pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Kì í ṣe ọyẹ́ ni ó ń sọ, bí kò ṣe ẹ́ńjìnì tí kò tíì ṣiṣẹ́ tó láti gbóná. Nínú irú rẹ̀ epo kì í tètè di oruku, nítorí náà ni ṣóòkì ṣe ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Atúmọ̀ tí ó bá tẹ̀lé gbòǹgbò Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é ní 'afúnnilọ́rùn', bí ẹni pé ìpànìyàn ni. 'Adínafẹ́fẹ́kù' ni ó sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé àyálò ti pọ̀ jù lẹ́nu mẹkáníìkì. Kabúrétọ̀ àti púlọ́ọ̀gì kò ba Yorùbá jẹ́. Ohun tí ó bá òyìnbó dé lè jẹ́ orúkọ tí ó bá wá. Àbùkù àti iṣẹ́ wọn ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá sọ. Ìwádìí tí Babs Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 ti fi hàn pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Kí atúmọ̀-èdè kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kí ó tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá pe àìrépo ní àìyí yóò ra bátìrì tuntun, kabúrétọ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní dídí síbẹ̀.